Ìyàwó Tí Wọ́n Bá Mi Gbé Nígbà Tí Mi Ò Sí Nílé

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé kan wà tó kọ̀ tí kò jẹ́ kí n gbàgbé òun. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, etí mi á gbóná, ẹ̀rín á sì máa pa mí. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nítorí kì í ṣe ilé mi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwé girama kan tó jẹ́ ti ìjọ, lójú ọ̀nà Joga-Orílẹ̀, ni mo ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni mí. Ìjọ kọ́ ilé fún àwa olùkọ́ sẹ́yìn pápá ìṣeré, a sì ń pe ibẹ̀ ní kọ́tásì. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti tú ká síbi iṣẹ́ àti ilé ọkọ, nítorí náà èmi nìkan ni mo ń gbé inú èyí tó dára jù nínú àwọn ilé náà, tòun ti igi máńgòrò níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ilé náà púpọ̀. Gbogbo nǹkan ló ní ààyè tirẹ̀: bàtà iṣẹ́ lọ́tọ̀, bàtà oko lọ́tọ̀, ife kò gbọ́dọ̀ kọjá sọ́dọ̀ àwo. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé mi dà bí ilé ìkàwé tí wọ́n ti kó ìwé inú rẹ̀ kúrò.

Òfin kọ́tásì kò pọ̀. Olùkọ́ àti ẹbí rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. Bí o bá gba àlejò mìíràn láì sọ fún ọ̀gá ilé ìwé, ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin yìí, mo sì mú iṣẹ́ náà le bí ojú ẹja. Ní sáà tó ṣáájú, Wálé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sílé. Mo lọ bá a.

"Wálé, ta nìyí?"

"Ẹbí mi ni, sà."

"Ẹbí báwo?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ọ̀rẹ́ náà kó ẹrù rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Èmi náà rìn padà sílé, mo ń wú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ Olúwa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sámú, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, pè mí lórí fóònù láti Owódé. Òjò ńlá kan ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìjì sì ti ká páànù ilé rẹ̀ lọ.

"Tíṣà, bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, ojú ọ̀run ni mò ń wò."

"Yéè! Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó ń gbọ́n omi nínú pálọ̀. Káfíńtà ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n a ń wá ibi tá a máa forí pamọ́ sí títí wọ́n á fi kan páànù tuntun. A ò ju mẹ́ta lọ."

Mo rò pé Tóyìn ọmọ wọn ni ẹnì kẹta, mi ò sì béèrè. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé kí wọ́n ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, mi ò béèrè! Ọjọ́ kejì ni mò ń lọ sí Abẹ́òkúta láti lọ máàkì ìwé ìdánwò, ilé mi á sì wà lófìfo. Ọ̀rẹ́ àtàtà sì ni Sámú. Nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń pààrọ̀ ara wọn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí n lè sùn.

Bí ó bá jẹ́ pé mo tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ, ó dá mi lójú pé yóò gbà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, mo sì kọ́ ọ níwèé rí. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Báwo ni alága ṣe máa lọ tọrọ ohun tó torí rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ Wálé? Mo bá sọ fún Sámú pé, "Ẹ máa bọ̀. Mo máa fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ sọ pé ẹbí mi ni yín. Ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹbí ni wá tẹ́lẹ̀ ná," ni Sámú wí. "Fọkàn balẹ̀."

Ọkàn mi sì balẹ̀. Mo lọ sí Abẹ́òkúta.

Wálé ló wá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fún mi. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Sámú ló ṣáájú, ó gbé àpótí aṣọ lérí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóyìn, tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìkòkò àti abọ́ tí wọ́n rí yọ nínú omi. Láàárín wọn ni obìnrin kan wà tó fi gèlè funfun bo orí àti ojú rẹ̀. Kì í ṣe Tóyìn rárá. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Tóyìn ni, opó tó ti ta aṣọ pẹ́ ní Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ní ilẹ̀ Benin, kó tó padà wá bá àbúrò rẹ̀ gbé. Àǹtí Júlì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Nítorí eruku ojú ọ̀nà ló ṣe bo ojú lórí ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó: obìnrin tó bojú, tí tọkọtaya sì mú un láàárín, pẹ̀lú àpótí aṣọ àti ìkòkò, tí wọ́n ń mú un wọ ilé ọkùnrin tí aya rẹ̀ ti kú, ní ìrọ̀lẹ́. Ta ló bí i ní ilẹ̀ Yewa tí kò ní sọ pé ìyàwó ni wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ?

Wálé jáde, ó kí wọn. Ó béèrè pé, "Ẹ̀yin wo nìyí o, mà?"

"Ẹbí Bàbá ni wá," ni Ìyá Tóyìn dáhùn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn.

"Màmá yìí náà ńkọ́?"

Àǹtí Júlì ti gbọ́ ìkìlọ̀ pé kí òun má sọ̀rọ̀ jù. Ó kàn rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ gèlè, ó tẹrí ba, ó wọlé. Wálé ní òun ò tíì rí ìyàwó tó nítìjú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárọ̀ kùtùkùtù ni Sámú àti Ìyá Tóyìn máa ń lọ sí Owódé láti ṣọ́ àwọn káfíńtà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń dé. Àǹtí Júlì nìkan ló ń kù sílé, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti gbá iwájú ilé mi. Nígbà tó gbá tèmi tán, ó gbá ti Wálé, ó gbá ti gbogbo ojúlé kọ́tásì títí dé ẹ̀bá pápá. Ìyàwó tuntun nìkan ló ń ṣe irú rẹ̀. Ó se àkàsà bí wọ́n ṣe ń se é ní Àjàṣẹ́, ó bù ú fún ojúlé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń kọjá, á juwọ́ sí wọn, á ní, "Bọ̀ńjúù, ẹ̀yin ọkọ mi!" Ó ti parí. Kò sí ẹni tó tún ń béèrè ohunkóhun mọ́.

Èmi ní tèmi, mo wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń máàkì ìwé Yorùbá, orí mi sì ń wú. Bí mo ṣe ṣí fóònù mi lọ́jọ́ kan, mo rí i tí àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń rọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú orí ire o, sà!" "Inú wa dùn, Bàbá wa!" "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ adùn rẹ̀." Mo ní ìròyìn ipò tuntun mi mà yára o! Mo sì fèsì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀: "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run ló ṣe é. Mi ò fẹ́ kó di ariwo ni mi ò ṣe sọ fún yín."

Ọ̀gá ilé ìwé tiẹ̀ pè mí. "Sà, ẹ ò sọ fún èmi náà!"

"Ẹ má bínú, mà. Ohun jẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ kó jẹ́."

"Ṣé ara gbà á, sà? Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń dá wà."

Mo rò pé ọkàn rere ló fi ń béèrè nípa bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ní, "Mo ti ṣe é rí nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Kò yàtọ̀. Sùúrù nìkan ló gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí, ó sì yára pa fóònù.

Iṣẹ́ wa parí, mo sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n ní Sátidé náà. Bí ọ̀kadà ṣe gbé mi dé ẹnu geètì ni mo gbọ́ orin. Àwọn akọrin ilé ìwé to ara wọn sábẹ́ igi máńgòrò mi. Wọ́n ti kó bẹ́ǹṣì jáde láti kíláàsì. Ọ̀gá ilé ìwé wé gèlè tó ga bí ilé alájà, àlùfáà ìjọ wọ aṣọ oyè rẹ̀, Wálé sì gbé bàsíà omi dání. Obìnrin kan tí mi ò rí rí jókòó sáàárín wọn, orí àga pálọ̀ mi. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ni àga náà. Níta! Nínú eruku!

"Ọkọ ìyàwó ti dé o!" ni Wálé kígbe.

Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè rí ẹni tó ń bọ̀. Ọlọ́kadà nìkan ló wà níbẹ̀, òun náà sì ti ń pàtẹ́wọ́.

Kí n tó lanu, Wálé ti kúnlẹ̀, ó ti da omi sí ẹsẹ̀ obìnrin náà. "A ò ní jẹ́ kí ìyàwó Bàbá wọlé láì wẹ ẹsẹ̀," ló wí.

Obìnrin náà fò dìde. "Ẹsẹ̀ wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni! Ẹsẹ̀ mi mọ́ ju tiyín lọ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyàwó yìí mà láwàdà o. Nígbà tó yá ni Àǹtí Júlì tó ṣàlàyé fún mi pé wọ́n kàn sọ pé àwọn fẹ́ kí òun káàbọ̀ ni, òun sì rò pé bí ilé ìwé náà ṣe máa ń gba gbogbo àlejò nìyẹn. Ó ní òun ti ń yìn wọ́n nínú pé wọ́n lẹ́kọ̀ọ́.

Àlùfáà dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, a bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n a ò rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ̀ pé ilé ìjọ nilé yìí. Obìnrin tí a ò tíì so pọ̀ mọ́ ọkùnrin kò lè bá a gbé inú rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún àwọn àgbà ìjọ?"

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ tó mọ́ sí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dúró síbi tí mo dúró sí. Bí mo bá ní ìyàwó mi ni, mo ti gbé obìnrin wọ ilé ìjọ láì gba ìbùkún, ilé á bọ́. Bí mo bá ní kì í ṣe ìyàwó mi, a jẹ́ pé mo ti gba àlejò láìtọrọ àyè, ilé á tún bọ́. Mo wá ọ̀nà àárín. Mo húkọ́. Mo ní, "Ẹbí ni wá."

Wálé gbé bàsíà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹbí báwo, sà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí.

Àárín họ́ùhọ́ù yìí ni ọ̀kadà gbé Sámú àti ìyàwó rẹ̀ dé láti Owódé, ìyẹ̀fun igi bò wọ́n lára. Sámú wo àwọn akọrin, ó wo omi ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì rò pé òun fẹ́ gbà mí là. "Ẹ̀gbọ́n mi ni Tíṣà!" ló fi igbe ta. "Ìyá kan náà ló bí wa!"

Ọ̀gá ilé ìwé yíjú sí mi. "Sà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sọ fún wa ní kíláàsì pé ẹ̀yin nìkan ni ìyá yín bí, òun ló fi fún yín ní ẹ̀kọ́ ilé dáadáa?"

"Bàbá kan náà ni mo fẹ́ wí," ni Sámú yára tún un ṣe.

"Sámú," ni mo wí, "jókòó."

Ó jókòó. Mo bọ́ fìlà mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: òjò, páànù, irọ́ tí mo kọ́ wọn, àti ohun tó fa irọ́ náà. Mo ní, "Wálé, mo lé ọ̀rẹ́ tìrẹ. Ojú rẹ ni mo ń sá fún." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ tó ń darí orin ṣì na ọwọ́ sókè, kò mọ̀ bóyá kó gbé e wálẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀yin ni alága, sà. Kí ni òfin wí?"

Mo wo ilé náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí ife àti àwo, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: ìyàwó mi ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, mi ò jẹ́ kí ohunkóhun kúrò níbi tó fi í sí. Ilé tí mo fẹ́ pàdánù nìyẹn. Mo ní, "Òfin ní ilé ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mà."

Wálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bàbá ṣì wá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjì ká páànù rẹ̀ lọ, ṣé ojú títì la máa sọ pé kó lọ sùn? Òfin wa ò tiẹ̀ sọ ohunkóhun nípa ìjì."

"Kò sọ ọ́ lóòótọ́," ni àlùfáà wí.

Ọ̀gá ilé ìwé ronú díẹ̀, ó sì dá ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ kí ọmọ tí mo kọ́ dá a. Kí n kúrò nípò alága lójú ẹsẹ̀; Wálé ló kàn. Kí àwọn àlejò dúró nínú ilé mi títí wọ́n á fi kan páànù wọn tán, nítorí gbogbo èèyàn ti wá mọ̀ wọ́n báyìí. Ilé sì ṣì jẹ́ tèmi. "Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sùn níbẹ̀, sà, níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá wà nínú rẹ̀. Ẹ ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ alága tuntun."

Bí mo ṣe dìde nìyẹn, tí mo ka ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ kíláàsì kìíní, níwájú akọrin ilé ìwé. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni alága, mo bẹ̀ yín, ṣé mo lè sùn nínú pálọ̀ yín?"

"Màá rò ó, sà," ni Wálé wí. Ìgbà náà ni ẹ̀rín padà bú.

Oúnjẹ ti jinná, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó bàjẹ́. Bí a ṣe ń jẹun ni àlùfáà, ẹni tó fẹ́ràn ìgbéyàwó ju ìsìnkú lọ, gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀. "Ṣé kò wá sí bí a ṣe lè sọ irọ́ yìí di òótọ́ ni? Bàbá dá wà, Màmá náà dá wà."

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Júlì. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì tún wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo fa ẹ̀wù mi nà.

"Èmi kẹ̀?" ló wí. "Ẹ ṣeun o. Mẹrisí. Mo fi ife kan sọ́dọ̀ àwo ní ìdáná rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi dá a padà. Bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ sí nílé! Tó bá wá wà nílé ńkọ́? Èèyàn dáadáa ni, mo rí i lára ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sin ọkọ kan, n kò tún fẹ́ lọ wọ iṣẹ́ sójà."

Sámú rẹ́rìn-ín títí ẹja fi fẹ́ há a lọ́fun. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Wọ́n kan páànù Owódé tán, àwọn àlejò mi sì padà sílé wọn láyọ̀. Èmi padà sínú ilé mi, mo sì gbé ibẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì wá sí Ìlaròó. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò le: bí ilé tí ẹ ń gbé bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí ọ̀rẹ́ yín sì ń wá ibi tí yóò sùn, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún ẹni tó ni ilé. Ìtìjú tí ẹ ó rí nígbà tí ẹ bá ń tọrọ àyè kéré gan-an sí èyí tí ẹ ó rí lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ̀kọ́ kejì wà, àmọ́ mi ò tíì rí bí mo ṣe lè fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti lọ bi ìyá ìyàwó mi léèrè ọmọ rẹ̀ nígbà kan rí, ó sì gbà. Àǹtí Júlì nìkan ni obìnrin tó kọ̀ mí láyé yìí, mi ò sì tíì bi í ní ohunkóhun. Wọn ì bá tiẹ̀ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè ná, háà! Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.